Ta Ló Ju Bọ́ǹbù?
Súrátúl-Hujurát, ẹsẹ kẹfà, pa wá láṣẹ láti máa wádìí ìròyìn. Ẹ wo Oklahoma City ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, 1995, bọ́ǹbù pa ènìyàn 168 níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ti ń nàka sí Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀, Timothy McVeigh tó ṣe é, sójà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, ti wà ní àtìmọ́lé! Ọlọ́pàá ti mú un kí wákàtí méjì tó pé, nítorí mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà. Ọjọ́ kẹta ni ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù Mùsùlùmí ti wọ ọ̀pọ̀ ọkàn ná.

Àwa náà ńkọ́? Bí ìwé ìròyìn wa bá so orúkọ ẹ̀yà kan mọ́ adigunjalè, ta ni nínú wa tó ń béèrè ẹ̀rí kó tó máa sá fún aládùúgbò rẹ̀?