Ẹ̀kọ́ Àjọ̀dún: Ìrántí Àwọn Bàbá Sójà Wa

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Apọ́sítélì 10:1-33, Lúùkù 10:25-37.

 

Ìjọ wo ni kò ní bàbá sójà tirẹ̀, tàbí tí kò tíì ní rí? Gbogbo wa la mọ irú wọn. Bàbá tí yóò ti jókòó kí wọ́n tó lu agogo, tí sùtánà rẹ̀ gún régé bí aṣọ páréèdì. Àwọn ọmọdé á sá lọ pàdé rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan iwájú orí láti kí i bí sójà, bàbá náà á dúró ṣánṣán, á kí wọn padà, á wá ki ọwọ́ sí àpò, á fún wọn ní gúgúrú. Ẹ̀rín ni ṣáá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í nípa ogun, á ní, “Ọmọ mi, ogun kì í ṣe eré o,” ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, a ó dá aṣọ ẹbí, a ó se ìrẹsì, a ó ṣe ìsìn ogójì ọjọ́. Nínú ìwé ètò ìsìnkú wàyí, a ó kọ ọ́ pé ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì jà ní Bọ́mà. Ìlà kan péré! Lórí ìlà kan yẹn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Apọ́sítélì orí kẹwàá. Kọ̀nélíù, balógun ọ̀rún, ń gbé ní Kesaréà. Iṣẹ́ ológun ló ń ṣe jẹun. Síbẹ̀ ẹ ka orí náà dópin, ẹ kò ní rí ogun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ pé ó jà. Lúùkù kò kọ iye ènìyàn tó pa tàbí ìlú tó ṣẹ́gun. Ohun tó kọ ni pé ọkùnrin náà ń gbàdúrà, ó ń ṣàánú, ilé rẹ̀ sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tí Pétérù fẹ́ dé, kò dá jókòó dè é. Ó ti pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ jọ sílé (ẹsẹ 24). Ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Àní àwọn Júù, tí ìjọba rẹ̀ wá jẹ gàba lé lórí, ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí rere (ẹsẹ 22). Ibi tí mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí ni ẹsẹ 4: áńgẹ́lì wá sọ fún un pé àdúrà àti àánú rẹ̀ ti di ohun ìrántí lókè. Kọ̀nélíù kò tíì kú nígbà yẹn o! Bàbá náà wà láàyè, ara rẹ̀ le, wọ́n ti ń rántí rẹ̀. Àwa ní tiwa, ọjọ́ òkú la máa ń dúró dè.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ Yorùbá kan tí ìtàn rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Olóògbé Isaac Fadoyebo ni, ọmọ Emure-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i, ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. (Mi ò sọ pé ó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn o, mo kàn fi ọdún náà ṣe àmì kí á lè rántí ni.) Ọmọ Kristẹni ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọ iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí.

Wọ́n kó wọn ré òkun kọjá lọ sí Íńdíà, wọ́n ti ibẹ̀ wọ ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, láti bá Japan jà. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí ìhà ibẹ̀ tó bí 90,000. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀, Division 81, aláǹtakùn dúdú ni àmì wọn. Ọ̀nà kò sí níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè kí jíìpù lè kọjá. Nígbà tí wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan tí à ń kọ yẹn ṣe gùn tó.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn sójà Japan ká ẹ̀ka Isaac mọ́ etí odò. Wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọta tún bà á níkùn, kò lè dìde. Òun àti ará Sàró kan, David Kargbo, tí òun náà fara gbọgbẹ́, ni wọ́n kù sínú igbó, láìní oògùn, láìgbọ́ èdè ibẹ̀, tí ọ̀tá sì yí wọn ká.

Ta ló wá gbà wọ́n? Àgbẹ̀ kan ni, Shuyiman lorúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ara àwọn tí ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Àwọn mìíràn lábúlé kọ́kọ́ ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀rù wá bà wọ́n, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí bí Japan bá mọ̀, ikú ni. Shuyiman kò fà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó kó àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀, níbi tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ kí àwọn sójà Gurkha tó dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, kí wọ́n tó kó wọn jáde.

Ẹ wá ka Lúùkù orí kẹwàá. A ti wàásù lé ará Samáríà lórí títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ará Samáríà fi ọkùnrin náà sílé èrò, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì. Àgbẹ̀ yìí fi ilé tirẹ̀ ṣe ilé èrò, ó fi ọmọ rẹ̀ wewu, nítorí àlejò tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀, tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, tí kò sì ní kọ́bọ̀ tí yóò fún un. Ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú aládùúgbò rẹ̀ nítorí mọ́ṣáláṣí, kí ó rántí bí ọmọ Ọ̀wọ̀ ṣe délé.

Isaac délé lóòótọ́. Ó tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní títì, bàbá kan tó ń tiro lẹ ó kàn rí. Àmọ́ ó ṣe ohun kan tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe: ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1999. Ó dárúkọ Shuyiman níbẹ̀. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀ ni, orúkọ náà ì bá bá a wọlẹ̀.

Ìwé yẹn ni akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, fi ọwọ́ mú. Ní ọdún 2011 ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ Isaac, ó gbé e lọ sí Bọ́mà, ó wá ilé náà kàn. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ wà, wọ́n sì gba ọpẹ́ tó ti pé ọdún 66 lọ́nà. Ní ọdún 2012 ni Isaac náà sùn. Ẹ ò rí i pé ó kù díẹ̀ kí ó bọ́! Ní ọdún 2017, àwọn Rohingya tó lé ní 700,000 sá kúrò ní agbègbè yẹn lọ sí Bangladesh. Ta ló rántí láàárín wa pé àwọn ni wọ́n bọ́ ọmọ wa?

A sì ń fẹnu pe àwọn orúkọ yìí lójoojúmọ́. Dodan Barracks ní Ìkòyí, níbi tí àwọn olórí ìjọba ológun gbé. Arakan Barracks ní Àpápá. Orúkọ ibi tí àwọn bàbá wa ti jà ní Bọ́mà ni wọ́n. A ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá níbẹ̀, a rò pé orúkọ lásán ni.

Àwọn tó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ti di arúgbó. Àwọn tó bá ECOMOG lọ sí Làìbéríà láti ọdún 1990 náà ti ń fẹ̀yìntì. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá wọn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ènìyàn mélòó ni wọ́n pa; ìbéèrè yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe yín lóore níbẹ̀? Ta ló fún yín lómi?” Ẹ ó rí i bí ojú wọn yóò ṣe yí padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ bá a ṣeré.

Ẹ̀yin opó àti ọmọ olóògbé, ẹ wo inú àpótí bàbá. Bí ẹ bá rí mẹ́dà oníràwọ̀ igun mẹ́fà, tí aṣọ rẹ̀ búlúù, tó ní pupa láàárín àti àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́dà Bọ́mà nìyẹn. Ẹ má fún ọmọdé ṣeré, ẹ má sì ta á fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ mú un wá pẹ̀lú ìwé dísíṣáàjì rẹ̀, kí á da orúkọ, nọ́ḿbà àti ọdún rẹ̀ kọ. A ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún yín lójú ẹsẹ̀.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì akọ̀wé, láti òní títí di ìparí ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún. Àwọn ìjọ tó wá kí wa náà lè kọ ti bàbá sójà wọn sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó jókòó tì mí, èmi yóò bá a kọ ọ́. Bírò wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ.

Akọ̀wé Ìjọ