Ẹ Má San Owó Ìfẹ̀yìntì Yín Sínú Àkáǹtì Onímọ̀ràn

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan l'Óṣogbo. Mo ti pé ẹni ọdún 58, màá sì fẹ̀yìn tì ní 60. Yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì mi tó wà nínú RSA (àkáǹtì ìfowópamọ́ fún ìfẹ̀yìntì), mo ní mílíọ̀nù 3 náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tó ní onímọ̀ràn ìdókòwò lòun, sọ pé kí n fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín ìdókòwò nítorí pé ọjà náà ń gbéra. Ó ní kí n san owó sínú àkáǹtì òun. Ṣé kí n ṣe é?
Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ kú làálàá lórí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má san kọ́bọ̀ kan sínú àkáǹtì rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni ó lè jẹ́, ó sì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ètò tó gbé wá kò dára. Ẹ wo bí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ṣe to ti RSA yín: ilé-iṣẹ́ tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà kò gbọdọ̀ mú un lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀, PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Bó ṣe yẹ kí ti alájẹsẹ́kù yín náà rí nìyẹn. Bí ẹ bá ra ìpín, ọ̀dọ̀ alágbàtà tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, fún níwèé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, orúkọ yín ni kó sì wà lórí rẹ̀. Kí onímọ̀ràn gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún bi í bóyá ẹlòmíràn ń fún un ní kọmíṣọ̀n lórí ohun tó ń tà fún yín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi yín ni pé ìgbà wo lẹ máa nílò owó náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ wa kọjá 66,000. Kí ó tó di àárín ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà síbi tó wà. Ẹni ọdún 35 lè dúró dè é. Ẹni tó jẹ́ 58 nígbà náà ti di ẹni 73, ó sì ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí ètò RSA, láti ọdún 2018, fi ń kó owó ẹni tó bá pé 50 bọ́ sínú àpò Kẹta (Fund III), níbi tí ìpín ìdókòwò ti kéré sí ti àwọn ọ̀dọ́.

Síbẹ̀, èmi ò ní kí ẹ tọ́jú owó náà sí báńkì lásán. Ọ̀wọ́ngógó kọjá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2024. Ẹ̀yin náà rí ohun tó fi iye ìrẹsì dà. Ohun tí ẹ máa ná lọ́dún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹ fi í sí Treasury Bills, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ìgbà kúkúrú. Ẹ fi díẹ̀ ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kìkì èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí ẹ ó fi pé 70 ni kí ó lọ sọ́jà ìpín, kí ó sì lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tó ká mi lára ju ìpín lọ. Nínú owó oṣù yín, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí wọ́n máa yọ sínú RSA yín, kí ilé-ẹ̀kọ́ sì fi 10 lé e. Àwọn aládàáni kan ń yọ ti òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í fi ránṣẹ́. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ RSA yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kà á lóṣooṣù dé ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí oṣù kan bá ṣófo, ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí PenCom, nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.