Títàn Kọ́ Ni Dídán

Bàtà tí a fi póláṣì nù kì í tàn. Ó ń dán ni. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ìmọ́lẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé òde òní a máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, àgàgà bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, níbi tí àṣìlò náà ti léwu jù. Ẹ wo ohun tó dé bá ayàwòrán Peter Paul Rubens ní Róòmù. Ní 1606 ni wọ́n gbé iṣẹ́ àwòrán pẹpẹ gíga ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria in Vallicella fún un. Orí kánfáàsì ló kọ́kọ́ yà á sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé orí pẹpẹ, ìmọ́lẹ̀ kọlù ú débi pé agbára káká ni èèyàn fi ń dá àwọn ẹni mímọ́ inú rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ní àwòrán náà ń tàn jù ti dojú ọ̀rọ̀ rú: ìta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn wọlé, ojú ọ̀dà ló ń dán. Rubens alára mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú lẹ́tà tó kọ ní oṣù kejì 1608, ó ní òun yóò tún un yà sórí òkúta tàbí ohun mìíràn tí yóò fa àwọ̀ mu, kí ìmọ́lẹ̀ burúkú yẹn má baà mú un dán. Síléètì ló lò. (Ó yà á sórí òkúta ni o, ẹni tó bá kọ «gbẹ́» ti gba búrọ́ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi òòlù rọ́pò rẹ̀.) Dídán ló ń bá jà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó fi àwọ̀ yà sínú àwòrán.

Ẹnìkan lè bi wá pé, òṣùpá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ òòrùn ló ti ń gba ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ a ní ó ń tàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá kò béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń wò. Òṣùpá ń jẹ́ ká rí ọ̀nà. Bàtà tó dán, ara rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn, nígbà mìíràn ṣe ni yóò tiẹ̀ máa mú ẹni ṣẹ́jú. Bí a bá sì ní ojú ìyàwó ń tàn, àpọ́nlé ló sọ ojú di fìtílà.

Àwòrán àkọ́kọ́ tí Rubens yà sórí kánfáàsì wà ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé. Ti orí síléètì ṣì wà lórí pẹpẹ rẹ̀ ní Róòmù. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi «dán» fún ojú ọ̀dà.