Àwọn Oankali: Ẹ̀dá Tó Ka Jẹjẹrẹ Sí Ohun Iyebíye

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àwọn Oankali? Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ọkàn dá wọn nínú ìwé Dawn, tó jáde lọ́dún 1987. Nínú ìtàn náà, ogun átọ́míìkì ba ayé jẹ́, àwọn Oankali sì kó àwa èèyàn tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ òfurufú wọn. Ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ lẹ́mìí o.

Wọn ò ní ojú, wọn ò ní imú. Nǹkan bí ekòló ló wà káàkiri ara wọn, òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń lọ. Wọn kì í jẹ ẹran. Akọ wà, abo wà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì ni ooloi. Láìsí ooloi, kò sọ́mọ: òun ló ń gba jíìnì lọ́dọ̀ akọ àti abo, tó ń ṣà á, tó ń tò ó pọ̀.

Òwò jíìnì ni àṣà wọn. Ìran tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á gba tiẹ̀, wọ́n á fún un ní tiwọn, ọmọ tí wọ́n bá sì bí kò ní jẹ́ ti ìhín tàbí ti ọ̀hún. Lára èèyàn, ohun tó wọ̀ wọ́n lójú ni jẹjẹrẹ.

Jẹjẹrẹ kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa ní iye ìgbà tó lè pín. Bó ṣe ń pín ni ìdérí tó wà létí okùn DNA rẹ̀ ń kúrú, títí á fi dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń jí èròjà kan tó ń jẹ́ telomerase, èyí tó ń tún ìdérí náà ṣe, ló bá ń pín lọ ràì. Lójú ooloi, tí wọ́n bá lè kó o níjàánu, apá tó gé á tún hù.

Lilith Iyapo ni obìnrin inú ìtàn náà. (Ẹ tún orúkọ yẹn kà jàre. Ọmọ rẹ̀ nínú ìwé kejì ń jẹ́ Akin!) Ibi tó ti ń sùn ni wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ kúrò lára ẹ̀. Ara ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: tí ẹnu bá ní rárá, tí ara ní bẹ́ẹ̀ ni, ti ara ni wọ́n máa gbà. Àwọn kan máa ń sọ pé oore ni wọ́n ṣe. Èmi ò gbà, torí mo ń bọ́ HeLa nínú láàbù.

Lọ́dún 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ẹni ọdún 30, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kú lóṣù October ọdún náà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò kú. Nǹkan bí ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń di ìlọ́po méjì, àwọn ni wọ́n sì fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ wò. Ó lé lógún ọdún kí ẹbí ẹ̀ tó gbọ́. Ọdún 2023 ni àwọn àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher, tó ń ta sẹ́ẹ̀lì náà, tó yanjú ẹjọ́ tó wà láàárín wọn. Wọn ò sọ àdéhùn náà síta.