Mọ́tò Ìjàpá àti Píjò 504

Mọ́tò méjì ni a fẹ́ fi wéra nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Èkejì ni Peugeot 504, Píjò tiwa. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to méjèèjì pọ̀ ní Nàìjíríà: Ìjàpá ní Èkó, Píjò ní Kàdúná. Wọn kò ṣe wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ògbólógbòó wọn rà. Owó kòkó kì í ṣe owó à ń fi ṣeré. Ẹni tí kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á ni yóò gbà. Àwa tí a ti mọ̀wé, ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà.

Ẹ́ńjìnì

Cc ni a fi ń wọn àyè tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ìgò bíà ńlá kan gba 600 cc. Ìjàpá kan wà tó jẹ́ 1,285 cc: ó lé díẹ̀ ní ìgò méjì. Píjò 504 tó jẹ́ 1,971 cc lé ní ìgò mẹ́ta. Nítorí náà ni Píjò fi lágbára jù ú lọ lórí òkè.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà, búùtù rẹ̀ sì wà níwájú. Iwájú ni ti Píjò wà.

Omi àti atẹ́gùn

Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì Ìjàpá. Kò ní rédíétọ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó rédíétọ̀ Ìjàpá, ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì fáànù rẹ̀ bá já, iná pupa yóò tàn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ́ńjìnì má baà bàjẹ́.

Omi ló ń tu Píjò. Ẹ wo omi rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Bí ó bá ti gbóná, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ o! Omi gbígbóná lè bó yín lójú.

Èwo la ó rà?

Ìjàpá ní ìlẹ̀kùn méjì, kì í sì í mu epo tó Píjò. Ó tó fún tọkọtìyàwó tó ń ti Ìkòrò lọ sí Ìjerò. Píjò ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin. Òun ló yẹ ẹni tó fẹ́ kó èrò àti iṣu lọ sọ́jà.

Ìbéèrè

1. Cc mélòó ni Píjò fi ju Ìjàpá lọ?
2. Èwo ni kò lo omi?
3. Èwo ló bá iṣẹ́ yín mu? Kí ni ìdí rẹ̀?