Ta Ló Ní Àṣẹ Lórí Oyè Ọ̀mọ̀wé?

Ìbéèrè: Alábòójútó ti buwọ́ lu iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí oyè kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Nítorí pé alábòójútó kọ́ ló ń fi oyè jẹni. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ti fákọ́tì ló kọ́kọ́ máa ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Lẹ́yìn wọn ló kan Postgraduate College, tí Provost ń darí. Sẹ́nétì, tí gíwá jẹ́ alága rẹ̀, ló ni àṣẹ ìkẹyìn. Àṣẹ yìí kò fìgbà gbogbo wà ní Ìbàdàn: láti 1948 títí di 1962, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fúnni lóyè níbẹ̀.

Ibi tó gba àkókò jù ni ọ̀dọ̀ olùdánwò láti ìta. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, láti yunifásítì mìíràn. Á ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, á wá jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ láti da ìbéèrè bo akẹ́kọ̀ọ́: èé ṣe tó fi yan ọ̀nà ìwádìí yìí? Ibo ló ti rí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò? Bí àtúnṣe bá wà, dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é.

Ìpele yìí ṣe pàtàkì gan-an, òun ló ń mú kí oyè níyì. Ṣùgbọ́n kò dára rárá kí ìwé ẹni sùn sórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó béèrè ọ́fíìsì tí fáìlì òun wà, kó sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.