Oko Àgbàdo Ńlá Láìlo Ajílẹ̀ Òyìnbó: Ǹjẹ́ Èrè Wà Níbẹ̀?

Ọ̀wọ́n ajílẹ̀ òyìnbó ń mú kí ọ̀pọ̀ máa ronú àtifi í sílẹ̀ pátápátá. Èrè lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Àpò yúríà kan tí ó wọn 50 kílò ní 23 kílò náítírójìn nínú, èyí tí í ṣe oúnjẹ àgbàdo. Kí ẹ tó rí iye yìí nínú ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, ẹ óò kó tó nǹkan bí 1,000 kílò, èyíinì ni àpò 20. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àgbàdo yóò rí lò lọ́dún kan náà. Owó ọkọ̀ àti owó alágbàṣe ni ó ń jẹ èrè olóko ńlá.

Ní ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Sri Lanka fòfin de ajílẹ̀ òyìnbó lójijì. Ìkórè ìrẹsì wọn já wálẹ̀ gidigidi, ìjọba sì yí òfin náà padà kí ọdún tó parí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi gbogbo oko dán an wò. Ẹ ya éékà kan sọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà tàbí sóyà síbẹ̀, nítorí gbòǹgbò wọn a máa mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ ro ewé àti ìtàkùn wọn mọ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbin àgbàdo. Ẹ ṣàkọsílẹ̀ owó tí ẹ ná àti àpò tí ẹ kórè, kí ẹ fi wé éékà tí ẹ fi ajílẹ̀ òyìnbó sí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.